Owó tí kò tíì wọlé: Ta ló ń bójú tó àwọn tó ń ṣírò owó-orí Benin, kí ló sì kan ọlọ́jà Sèmè-Kpodji níbẹ̀?

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì tó gba Sèmè-Kpodji kọjá, láàárín Kútọnu àti ẹnubodè Kraké, lè mọ bí owó ìjọba ṣe máa rí kí ìjọba fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọjà bá ń yá, ọkọ̀ akẹ́rù á tò lọ rẹrẹ, àwọn tó ń pààrọ̀ owó á máa ka náírà àti sẹfa, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní sẹmíjàn kò ní ráyè sinmi. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá dojú rú ní Àbújá tàbí ní Èkó, títì yìí ló kọ́kọ́ máa ń dákẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò gbé wọn dé etí títì. Inú ọ́fíìsì ni wọ́n wà ní Kútọnu, iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n jókòó sí. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ iye owó-orí àti owó ẹnubodè tí yóò wọ àpò ìjọba lọ́dún tó ń bọ̀. Owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì san, tí ọjà rẹ̀ kò tíì gúnlẹ̀ sí èbúté, àwọn ni wọ́n ń kà á sílẹ̀. Lórí iye tí wọ́n bá kọ ni ìjọba ti máa pinnu iye olùkọ́ tí wọ́n máa gbà, títì tí wọ́n máa ṣe, oògùn tí wọ́n máa rà àti gbèsè tí wọ́n máa jẹ.

Àwọn oníṣirò wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, pàápàá jù lọ àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó wọn. Èrò tiwa ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó fi kọ̀ǹpútà ṣírò ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ibi tí ọ̀gá ti bi í ní ìbéèrè tí kò tọ́, tàbí tí kò tiẹ̀ bi í ní nǹkan kan, ló ti ń bàjẹ́. Bó bá sì bàjẹ́, ọlọ́jà ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ní orílẹ̀-èdè Benin, oṣù kìíní ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kejìlá ló sì ń parí. Àwọn tó ń gba owó-orí láàárín ìlú, àwọn aṣọ́bodè tí wọ́n ń pè ní dúwáànì, àti àwọn tó ń wo bí ọrọ̀ ajé ṣe ń lọ, abẹ́ iléeṣẹ́ mínísítà ètò ọrọ̀ ajé àti ìnáwó kan náà ni gbogbo wọn wà. Kálukú á mú ìṣirò tirẹ̀ wá, wọ́n á jókòó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á so ó pọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa dé ọ̀dọ̀ mínísítà àti ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà. Ní oṣù kẹwàá, àbá ìṣúná á wà níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, tí kò jìnnà sí Sèmè-Kpodji rárá.

Ìṣirò náà fúnra rẹ̀ kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń rò. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọjà tó tó 100 mílíọ̀nù sẹfa wọlé. Lábẹ́ òfin owó ẹnubodè tí ECOWAS fẹnu kò lé lórí, ipele márùn-ún ló wà: ìdá 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ọjà tiwa yìí bọ́ sí ìpele ìdá 20. Owó ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ 20 mílíọ̀nù. Wọ́n á wá gba owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní TVA lé e, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí 120 mílíọ̀nù, ìyẹn jẹ́ 21.6 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41.6 mílíọ̀nù sẹfa, láì tíì ka àwọn owó kéékèèké mìíràn.

Ọmọ iléèwé lè ṣe ìyẹn. Ohun tó le ni 100 mílíọ̀nù tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló sọ pé ọjà 100 mílíọ̀nù ló máa wọlé? Bó bá jẹ́ 50 mílíọ̀nù ló wọlé, 20.8 mílíọ̀nù ni ìjọba máa rí. Ìdajì owó ti lọ nìyẹn, kò sì sí olè kankan tó jí i.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá jókòó tó ń yẹ ìṣirò wò, kì í ṣe ìsọdipúpọ̀ àti àròpọ̀ ló yẹ kó gba àkókò rẹ̀. Ohun tí oníṣirò gbà gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó yẹ̀ wò. Kí ni o rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Kí ló mú ọ rò bẹ́ẹ̀? Bí kò bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí ojú ẹnubodè ti rí

Ní Sèmè, ìbéèrè kẹta yìí kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ nínú ọjà tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, àwọn ará Nàìjíríà ló máa rà á níkẹyìn: ìrẹsì, ọkọ̀ tòkúnbọ̀, adìyẹ inú yìnyín, aṣọ. Benin á gba owó-orí lórí wọn, ọjà á sì máa lọ sí ìlà oòrùn. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìpinnu tí wọ́n bá ṣe ní Àbújá lè sọ ìṣirò tí wọ́n ṣe ní Kútọnu di asán láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ wo ìtàn rẹ̀. Ní 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari ti àwọn ẹnubodè Nàìjíríà pa, ó sì di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù kẹjọ 2003, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ti Benin nìkan pa fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí àwọn olè tó ń jí ọkọ̀ gbé sọdá. Ní oṣù kẹfà 2016, náírà já lulẹ̀, owó ará Nàìjíríà kò sì ra ọjà Kútọnu tó bó ṣe ń rà á tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017, Nàìjíríà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2018, Ààrẹ Buhari, tó ti padà wá gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, àti Ààrẹ Patrice Talon jọ ṣí ibùdó aṣọ́bodè àjọlò ní Sèmè-Kraké. Ẹni tó rí wọn lọ́jọ́ náà lè rò pé ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá ni. Oṣù mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè. Ó di ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó ṣí mẹ́rin àkọ́kọ́, tí Sèmè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni. Tòmátì jẹrà lórí ọkọ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n kó láti ìhà Allada kò rí ibi lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Owó epo Nàìjíríà fò sókè, kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ní Benin náà sì fò tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, náírà tún já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

A ò gbọdọ̀ mẹ́nu ba kpayo ká má rántí ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 yẹn kan náà. Iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo sí ní ẹkùn Sèmè-Kpodji, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Epo yìí kì í san owó-orí, nítorí náà kò sí nínú ìwé oníṣirò kankan. Síbẹ̀, òun ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé lágbègbè náà. Oníṣirò tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó-orí epo máa pọ̀ nígbà tí kpayo bá dópin, ó yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ bi í léèrè ohun tí àwọn tó ń tà á yóò máa jẹ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò bá rí owó jẹun kò lè rí owó ra ọjà tí wọ́n máa gba TVA lórí rẹ̀.

Ọ̀pá epo tó gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà

Ẹ̀kọ́ tó tún súnmọ́ ilé jù lọ wà létí òkun Sèmè-Kpodji fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pá epo rọ̀bì tí iléeṣẹ́ CNPC ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ṣe parí sí. Láti Agadem ní orílẹ̀-èdè Niger ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Epo Niger á gba ibẹ̀ kọjá lọ sínú ọkọ̀ ojú omi, Benin á sì gba owó ọ̀nà.

Lórí ìwé, owó yìí dájú bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́. Ọ̀pá ti wà nílẹ̀, epo wà níbẹ̀, olùrà wà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. ECOWAS fi ìyà jẹ wọ́n, ẹnubodè wọn pẹ̀lú Benin sì di títì. Nígbà tí ECOWAS wá mú ìyà náà kúrò ní oṣù kejì 2024, Niger kọ̀, kò ṣí tiẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2024, Ààrẹ Talon ní epo náà kò ní wọ ọkọ̀ láti Sèmè bí ẹnubodè kò bá ṣí. Lẹ́yìn ìjíròrò, ó yọ̀ǹda, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì gbé epo lọ nínú oṣù kan náà. Ní oṣù kẹfà, wàhálà mìíràn tún ṣẹlẹ̀: wọ́n mú àwọn ará Niger kan ní ibùdó náà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tó jẹ́ àṣìṣe ìṣirò. Àgbá epo kan kò yí padà. Àwọn èèyàn ló yí padà. Oníṣirò tó bá kọ owó ọ̀pá yìí sílẹ̀ bí ẹni kọ owó oṣù, láì fi ìlà kan sí ìdí rẹ̀ pé "bí Niger àti Benin bá ń bára wọn sọ̀rọ̀", ó ti fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá tí kò sì béèrè ìlà yẹn, ó ti fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́. Ẹni tó bá sọ ní 2019 pé Benin máa wó nítorí ẹnubodè, òun náà ì bá ti ṣì í. Ọrọ̀ ajé Benin ṣì dàgbà ní nǹkan bí ìdá 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún náà. Òwú wà lára ohun tó gbé e ró: ìkórè òwú ti sáà 2019 sí 2020 lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Ẹkùn òwú ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Sèmè ń sunkún. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í fi gba iye kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú. Ó máa ń ní kí wọ́n ya owó ẹnubodè sọ́tọ̀, kí wọ́n ya TVA sọ́tọ̀, kí wọ́n ya owó àwọn iléeṣẹ́ ńlá sọ́tọ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń jò.

Ohun tó yẹ kí ọ̀gá máa ṣe

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú kí babaláwo dífá ọrọọrún. Bí babaláwo bá ń tún wò ó lọ́rọọrún, kí ló dé tí oníṣirò ìjọba yóò fi wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sì jókòó tì í? Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn: kó rí i pé wọ́n ń tún un yẹ̀ wò bí oṣù ṣe ń lọ. Nàìjíríà fi èyí hàn ní 2020. Owó àgbá epo tí wọ́n gbé ètò ìṣúná lé jẹ́ 57 dọ́là. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí owó epo wó, wọ́n dá a padà sí 28 dọ́là. Ó dun wọ́n, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n máa ná owó tí kò sí.

Ìkejì, kí ó ya ìfojúdíwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára àfojúsùn. Ìfojúdíwọ̀n ni ohun tí a rò pé ó máa wọlé. Àfojúsùn ni ohun tí a fẹ́ kí ó wọlé. Bí ọ̀gá bá pe oníṣirò tó ní, "Iye yìí kéré, lọ gbé e sókè," kò tíì fi sẹfa kan kún owó ìlú. Irọ́ ló ní kí wọ́n kọ. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó sẹfa nínú ẹgbẹ́ UEMOA ní àfojúsùn kan pé kí owó-orí tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ ìlú, Benin kò sì tíì dé ibẹ̀. Àfojúsùn tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ẹ̀yìn wọ inú ìwé ìfojúdíwọ̀n.

Ìkẹta, kí ó ní ìwé àṣìṣe. Lọ́dọọdún, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n sọ, kí wọ́n kọ iye tó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdí tí méjèèjì kò fi bára mu. Ẹni tó bá ṣì í nítorí pé ẹnubodè tì, kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ń ṣì í sí apá kan náà lọ́dún márùn-ún, ó yẹ kí wọ́n bi í. Kò sì yẹ kí wọ́n gbóríyìn fún ẹni tó ń dá iye sí kékeré kó lè wá máa yangàn pé owó ti kọjá ohun tí àwọn retí. Owó tó pọ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ náà ní ìyà tirẹ̀: ilé ìwòsàn tí wọ́n ì bá kọ́ lọ́dún yẹn ni wọn kò kọ́.

Ìkẹrin, kí ó rán wọn jáde. Kí oníṣirò wá sí Kraké, kí ó bá awakọ̀ akẹ́rù jókòó, kí ó béèrè iye tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà lówùúrọ̀, kí ó wo bóyá ibi ìgbọ́kọ̀sí kún tàbí ó ṣófo. Ìròyìn tó máa dé ọ́fíìsì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, títì ti mọ̀ ọ́n lónìí.

Ìkarùn-ún ló wúwo jù. Kí ó dáàbò bo ẹni tó sọ òótọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọ̀dọ́ oníṣirò kan bá gbé iye kékeré wá, tí gbogbo àwọn àgbààgbà tábìlì bá kọjú sí i, ọ̀gá rẹ̀ ló yẹ kó sọ pé: ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé. Bí wọ́n bá jágbe mọ́ ọn lónìí, lọ́dún tó ń bọ̀ iye tó máa dùn mọ́ wọn nínú ló máa gbé wá.

Wọ́n mọ̀ ọ́n níbòmíràn náà

Kì í ṣe àìsàn ilẹ̀ wa nìkan. Ní 2011, Jeffrey Frankel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, yẹ ìṣirò ìjọba orílẹ̀-èdè 33 wò, ó sì rí i pé lápapọ̀, ìrètí wọn máa ń ga ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ, pàápàá bí ọdún tí wọ́n ń sọ bá jìnnà. Ní Chile, tí owó ìjọba gbára lé bàbà, àwọn onímọ̀ tí kò sí lábẹ́ mínísítà ni wọ́n ń bi léèrè iye tí wọ́n rò pé bàbà yóò máa tà. Ní Bìrìtìkó, láti 2010 ni wọ́n ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀, Office for Budget Responsibility, kí mínísítà ìnáwó má baà máa yan iye tó wù ú fúnra rẹ̀.

Benin náà ní òfin tirẹ̀. Ìlànà UEMOA ti 2009 lórí ètò ìṣúná, tí Benin sọ di òfin ní 2013, ní kí àbá ìṣúná jẹ́ òtítọ́, kí ó bá ohun tí wọ́n mọ̀ lásìkò náà mu. Ilé ẹjọ́ tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, Cour des comptes, sì wà nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n tún ṣe ní 2019. Òfin wà. Ọ̀gá tó máa mú un lò lójoojúmọ́ ló kù.

Kí ló wá kan ẹni tó ń ta ata?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Sèmè-Kpodji. Bí iye tí wọ́n kọ bá ga ju ohun tó lè wọlé, oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn tó ń gba owó. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé iye tí wọ́n kọ fún wọn. Ọkọ̀ ńlá tí ẹnubodè ti lé padà kò sí mọ́, nítorí náà ojú á kúrò lára rẹ̀, á wá sára ẹni tó wà nítòsí: ìyálọ́jà tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń san owó-orí kékeré tí wọ́n ń pè ní TPS, ẹni tó gbé àpò ìrẹsì méjì sórí ọ̀kadà. Kì í ṣe pé owó-orí tirẹ̀ lọ sókè nínú òfin. Ìṣirò kan tí kò bá títì mu ló wá ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Ọ̀kan ni Sèmè-Kpodji jẹ́ nínú ìjọba ìbílẹ̀ 77 tó wà ní Benin, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún wọn sì wà lára ohun tí wọ́n ń retí. Bí owó òkè bá dín, gọ́tà tí wọ́n ṣèlérí á di ti ọdún tó ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó wọ kóòtù nìkan. Ẹ máa gba ìwé owó tí ẹ bá san, ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ìjókòó ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Ẹ lọ, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n retí lọ́dún tó kọjá àti iye tí wọ́n rí. Ní oṣù kẹwàá, bí àbá ìṣúná bá dé Àjàṣẹ́, ẹ bi aṣòfin yín ní ìbéèrè kan péré: bí Nàìjíríà bá tún ti Sèmè ní ọ̀la, kí ni iye yìí máa dà?

Bí aṣòfin bá bi mínísítà, mínísítà á bi ọ̀gá, ọ̀gá á sì bi oníṣirò. Bí ìdáhùn bá ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó béèrè, a jẹ́ pé ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.